Ta Ni Eré Bọ́ọ̀lù Ọmọdé Wà Fún?

Lẹ́yìn ìdíje bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá láàrin àwọn ilé-ẹ̀kọ́, àríyànjiyàn kan máa ń ṣẹ́ kù sí ẹ̀bá pápá nígbà tí àwọn ọmọ bá ti bọ́ aṣọ eré wọn tán. Ní Ìbẹ̀fun, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní àwọn ìlú yòókù tí ó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Òdogbolú, ìhà méjì ni àwọn àgbà máa ń pín sí. Ìhà kan a ní ẹni tí ó gba ife ni ó gbá bọ́ọ̀lù, pé ariwo lásán ni ìyókù. Ìhà kejì a ní bọ́ọ̀lù tí kò dùn ún wò kò yàtọ̀ sí ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, bí ẹran tilẹ̀ kún inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni ó jọ, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lónìí ni wọn yóò gbé bọ́ọ̀lù àti fèrè lé lọ́wọ́ lọ́la, ìbáà jẹ́ èdè Yorùbá ni ó kọ́. Ní ilé-ẹ̀kọ́ tí olùkọ́ kò pọ̀, ẹni tí ó kéré jù lọ́jọ́ orí láàrin àwọn olùkọ́ ni wọ́n sáábà máa ń fi ṣe olùkọ́ eré-ìdárayá. Ohun tí ó bá pinnu ní ọ̀sán ọjọ́ kan ni yóò sọ bí ogójì ọmọ yóò ṣe lo ìgbà èwe wọn lórí pápá.

Bí wọ́n ṣe ń gbá a ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò ṣòro láti ṣàpèjúwe. Aṣọ́lé gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó fi gbogbo agbára ta á lọ sókè. Ọmọ gíga kan wà níwájú tí àyà rẹ̀ fẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Òun ni gbogbo wọn ń fi ojú wá. Bí ó bá fi orí kàn án, ó lè wọlé. Bí kò bá wọlé, àwọn ti òdìkejì náà a ta á padà. Àwọn ọmọ tí ó wà láàrin pápá a máa sáré lọ, wọn a máa sáré bọ̀, wọn a na ọrùn sókè bí ẹni tí ń wá oṣù ààwẹ̀, bọ́ọ̀lù kò sì ní kan ẹsẹ̀ wọn. "Gbá a síwájú!" ni olùkọ́ ń pariwo. Ọmọ tí ó bá dá bọ́ọ̀lù dúró láti wo ọ̀tún wo òsì, èébú ni yóò jẹ.

Kò tọ́ kí a di gbogbo ẹ̀bi náà ru olùkọ́. Pápá kò tẹ́jú, koríko ga, bọ́ọ̀lù tí ó bá sì ń yí nílẹ̀ lórí irú pápá bẹ́ẹ̀ kò mọ ibi tí ó ń lọ. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ni ó lè wà fún gbogbo ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì ń retí ife tí yóò gbé sí ọ́fíìsì kí àwọn òbí lè rí i.

Ẹ wá wo àwọn ọmọ kan náà nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ ní àdúgbò. Òkúta méjì níhìn-ín, òkúta méjì lọ́hùn-ún, ó ti di mọ́ńkí pósítì. Kò sí aṣọ́lé. Bọ́ọ̀lù fẹ́lẹ́lẹ́ tí kò wọ́n ni wọ́n ń gbá, ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún ní ìhà kọ̀ọ̀kan, àwọn tí ó bá sì jẹ góòlù méjì yóò bọ́ síta kí àwọn tí ó ń dúró lè wọlé. Kò sí àyè láti ta bọ́ọ̀lù jìnnà: bí ó bá bọ́ sínú gọ́tà tàbí sórí àtẹ aláta, eré parí nìyẹn. Nítorí náà, dandan ni kí ọmọ kọ́ bí a ti ń mú bọ́ọ̀lù mọ́ ẹsẹ̀, bí a ti ń fi ejìká tan ẹni tí ó wà níwájú jẹ, àti bí a ti ń yára wo ibi tí ẹnìkejì ẹni wà. Ọmọ kékeré tí kò rí bọ́ọ̀lù fọwọ́ kàn ní pápá ilé-ẹ̀kọ́ lè jẹ́ ọba níbẹ̀. Ohun ìyanu ni pé ilé-ẹ̀kọ́, tí a dá sílẹ̀ láti kọ́ ọmọ ní ohun tí àdúgbò kò lè kọ́ ọ, ni ó ń gba ohun tí àdúgbò kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà tún jinlẹ̀ ju ẹwà lọ. Ọ̀nà ìgbábọ́ọ̀lù tí ó gbára lé gíga àti agbára ń wá ara àgbàlagbà. Bí olùkọ́ bá ti gbà pé ọmọ gíga tí ó wà níwájú ni yóò gba ife, yóò bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹni tí ó tún ga jù ú lọ, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi rí ẹni tí irùngbọ̀n ti ń hù sí lágbọ̀n. Ibẹ̀ ni irọ́ ọjọ́-orí ti ń wọlé. Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti jẹ ìyà rẹ̀: ní 1989, FIFA fi òfin dè é fún ọdún méjì nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ nítorí ọjọ́-ìbí àwọn agbábọ́ọ̀lù tí kò bára mu nínú ìwé. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ náà dé ìtòsí Ìbẹ̀fun gan-an. Pápá ìṣeré Gateway ní Ìjẹ̀bú-Òde, tí wọ́n wá fi orúkọ Dípọ̀ Dínà pè lẹ́yìn náà, wà lára pápá 8 tí a lò fún Ife-Ẹ̀yẹ Àgbáyé àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ ní 2009. Ìdíje náà ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí FIFA ti lo ẹ̀rọ tí ń ya àwòrán egungun ọrùn-ọwọ́ láti mọ ẹni tí ó ti dàgbà kọjá ààlà. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀ ni Nàìjíríà ti yọ àwọn agbábọ́ọ̀lù kan kúrò nínú ikọ̀ rẹ̀ nítorí àyẹ̀wò yìí.

Ó yẹ kí ojú ti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ju ibòmíràn lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ mọ ohun tí à ń pè ní ẹgbẹ́. Régbérégbé tí Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ̀nà, tí ó wàjà ní 2025, sọ jí kò ní ìtumọ̀ mìíràn ju pé kí àwọn ọ̀gbà dúró ti ara wọn. Ní Ojúde Ọba, kò sí baba ẹni ọgọ́ta ọdún tí yóò wọ aṣọ àwọn ọmọ ọgbọ̀n ọdún kí ó sì máa bá wọn jó kọjá níwájú ọba. Gbogbo ènìyàn ni yóò rí i, wọn yóò sì fi rẹ́rìn-ín. Ohun tí a kò lè ṣe ní Ojúde Ọba ni à ń ṣe lórí pápá ilé-ẹ̀kọ́, tí a sì ń gba ife lé e lórí.

Àwọn tí ó fẹ́ràn ife yóò béèrè bóyá ẹwà lè gba ife. Ó lè gbà á, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà. Ní 2013, ní orílẹ̀-èdè United Arab Emirates, ikọ̀ Golden Eaglets tí Manu Garba kọ́ gbá góòlù 26 wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 7. Wọ́n na Mexico ní 6 sí 1 ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún na Mexico kan náà ní 3 sí òdo ní àṣekágbá. Bọ́ọ̀lù wọn ń yí láti ẹsẹ̀ dé ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2007, ní Kòríà, òdo sí òdo ni àwọn ọmọ tí olóògbé Yẹmí Tẹ́là kọ́ àti àwọn ti Spéìnì parí àṣekágbá sí, pẹnárítì ni wọ́n sì fi gba ife. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ife yẹn kò níyì, pàápàá nígbà tí a bá rántí pé àìsàn jẹjẹrẹ ń bá akọ́nimọ̀ọ́gbá náà jà nígbà tí ó ṣe é, tí ó sì kú ní ọdún kan náà. Ẹ tún wo 2009: ikọ̀ Bùràsíìlì tí Neymar àti Philippe Coutinho wà nínú rẹ̀ kò kọjá ìpele àkọ́kọ́. Switzerland, tí ó wà lára àwọn tí ó nà wọ́n, ni ó na Nàìjíríà ní ẹyọ kan sí òdo ní Abuja tí ó sì gba ife. Ìjákulẹ̀ yẹn kò dí Neymar lọ́nà. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá rẹ̀ ní ọmọdé bá ti ní kí ó máa ta bọ́ọ̀lù sókè kí wọ́n lè rí ife gbà, bóyá ni ayé ìbá gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ife àwọn ọmọdé kì í pẹ́ kí eruku tó bò ó. Ohun tí ẹsẹ̀ ọmọ bá ti mọ̀ ní ọdún 12 ni yóò máa bá a lọ.

Ìhà kejì náà ní àléébù tirẹ̀. Àwọn òǹwòran wà tí ó jẹ́ pé bí ọmọ kan bá ti tan ẹni méjì jẹ, wọn a ní kí ó padà wá tan ẹnìkẹta, wọn a máa ju owó sí i, ọmọ náà a sì gbàgbé pé ẹni mẹ́wàá mìíràn wà nínú ẹgbẹ́ òun. Ìyẹn kì í ṣe ẹwà. Ìyàtọ̀ wà láàrin ẹ̀tàn tí ó ń lọ síbì kan àti ẹ̀tàn tí ó ń wá àtẹ́wọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1993, ní Jámánì, Jay-Jay Okocha ti Eintracht Frankfurt yí Oliver Kahn, aṣọ́lé Karlsruhe, àti àwọn adènà rẹ̀ po títí ojú fi ń pọ́n wọn. Àwọn tí ó ń rántí eré yẹn lè gbàgbé pé inú àwọ̀n ni bọ́ọ̀lù náà parí sí. Ọmọ tí a bá kọ́ ní ìlàjì àkọ́kọ́ ìtàn yìí nìkan, a ti ṣì í lọ́nà.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí àwọn àgbà ti máa ń lò: bí eré bá ti ń kú, òfin rẹ̀ ni wọ́n ń tún ṣe. Kì í ṣe lásán ni àwọn asọ̀ròyìn orí rédíò ń pe góòlù ní àmì ayò. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, ihò 12 àti ọmọ ayò 48, bí ọmọ bá tán ní iwájú ẹnìkejì, ọ̀ta tí ó ń nà án gbọ́dọ̀ ta èyí tí yóò fún un ní ọmọ, bí ó bá ṣeé ṣe, kí eré lè máa lọ. Àwọn tí ó ṣe òfin yẹn mọ̀ pé ìgbádùn wà nínú kí ẹni méjèèjì ní ohun tí wọn yóò ta. FIFA náà ṣe irú rẹ̀. Góòlù 115 péré ni a rí nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 52 ní Ítálì ní 1990, àwọn aṣọ́lé sì ń fi ọwọ́ gbé bọ́ọ̀lù tí àwọn ará ilé wọn bá gbá padà sí wọn kí àkókò lè lọ. Ní 1992, òfin fòpin sí i. Ní 1993, ní Japan, níbi tí Nàìjíríà ti na Ghana ní 2 sí 1 gba ife àwọn ọmọ ọdún 17, wọ́n tilẹ̀ dán an wò kí a máa fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù tí ó bá jáde wọlé dípò kí a fi ọwọ́ jù ú. Wọn kò bá a lọ títí. Ara àwọn ọmọdé ni wọ́n kọ́kọ́ fi dán an wò, bí ìṣe àgbà.

Ní ilẹ̀ Áyálándì, níbi tí wọ́n ti ń gbá bọ́ọ̀lù Gaelic, èyí tí a ń fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gbá, ẹni 15 sí ẹni 15, ẹkún kan náà ni wọ́n sun. Gbogbo agbábọ́ọ̀lù a sá padà lọ dí iwájú ilé, àwọn yòókù a máa fi ọwọ́ pín bọ́ọ̀lù lọ sí ẹ̀gbẹ́, òǹwòran a máa sùn. Ní 2025, wọ́n ṣe òfin pé ó kéré tán, ẹni mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà ní ìlàjì pápá kọ̀ọ̀kan, àti pé bọ́ọ̀lù tí a bá gbá gba orí igi láti ìta ààlà mítà 40 yóò jẹ́ àmì méjì dípò ẹyọ kan. Ti àwọn ọmọdé wọn ni ó yẹ kí àwọn olùkọ́ wò jù: àwọn tí kò tíì pé ọdún 12 ń gbá a ní ẹgbẹ́ kékeré kékeré, gbogbo ọmọ ni ó sì ń gbá. Ọmọ ilẹ̀ yẹn kan náà, Àlùfáà Denis Slattery, ni ó dá St. Finbarr's College sílẹ̀ ní Èkó ní 1956. Rẹfirí ni òun náà, ìwé, bọ́ọ̀lù àti ìbáwí sì ni wọ́n fi mọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti ibẹ̀ jáde.

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá náà ní tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ernest Okonkwo, asọ̀ròyìn orí rédíò, sọ Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tí ó gbá góòlù méjì nínú mẹ́ta tí Nàìjíríà fi na Algeria ní 1980, ní "Mathematical". Ó sọ Adokie Amiesimaka, tí ó kọ́ nípa òfin, ní "Chief Justice". Oríkì ni ìwọ̀nyí, eré tí ó ní àrà ni ó sì ń bí oríkì. Ẹ ní kí ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ròyìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ pápá wọn ní Yorùbá. Bí ó bá jẹ́ èyí tí à ń ta sókè ni, "ó gbá a, ó tún gbá a" ni yóò máa wí. Bí ó bá jẹ́ mọ́ńkí pósítì ni, ẹ óò gbọ́ pé ó rọra tì í, ó fà á sẹ́yìn, ó gbé e gba àárín ẹsẹ̀, ó yọ́ ọ sí ẹnìkejì rẹ̀. Olùkọ́ Yorùbá tí ó ń wá ẹ̀kọ́ lórí ọ̀rọ̀-ìṣe kò ní láti lọ jìnnà.

Nítorí náà, kí ife àwọn àgbà ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama wà bí ó ti wà. Fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 13, kí àwọn tí ó bá ń fi iṣẹ́ olùkọ́ dánra wò tọrọ sáà kan péré lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Kí wọ́n pín pápá sí méjì, ọmọ méje sí méje, ọ̀gbà pẹ̀lú ọ̀gbà. Bọ́ọ̀lù tí ó bá kọjá orí, ti òdìkejì ni. Ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò gbá ìlàjì eré, ó kéré tán, kò sì sí ife. Ọ̀gá yóò béèrè ohun tí yóò ná òun. Ilé góòlù mẹ́rin nìkan ni, ọparun mẹ́jọ yóò sì ṣe é, bí ẹnikẹ́ni kò bá ti béèrè igi òkè.