Gbígbọ́ Ọ̀rọ̀ Kò Tó, Òye Rẹ̀ Ni Ó Jù

Àwọn àgbà a máa wí pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí sọ́kàn bí ó bá ń lọ ṣe ìdánwò ìgbọ́rọ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, irú èyí tí ó wà nínú IELTS, tí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wa ń ṣe kí wọ́n tó lọ kàwé ní ìlú òyìnbó. Ìbéèrè 40 ni ó wà nínú rẹ̀; ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni a sì ń gbọ́ ohùn tí a gbà sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ń lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan kiri bí ọmọdé tí ń lé eéṣú, yóò rẹ̀ ẹ́ kí ó tó mú ọ̀kan.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní kí ọ̀rẹ́ òun bá òun lọ wo bọ́ọ̀lù ní alẹ́. Ọ̀rẹ́ náà dáhùn pé òun ní ìdánwò ní òwúrọ̀ ọ̀la. Kò wí pé òun kò lọ. Síbẹ̀, ó ti kọ̀. Bí òyìnbó bá sì wí fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, “You can say that again,” kì í ṣe pé ó ní kí ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó ń gbè é lẹ́sẹ̀ ni.

Ohùn pẹ̀lú ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ní èdè wa, ohùn ni ó ya ọkọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, gbígbé ohùn sókè tàbí rírẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ní ìparí gbólóhùn a máa fi hàn bóyá ènìyàn ń béèrè, tàbí ọ̀rọ̀ dá a lójú, tàbí ó ń ṣiyèméjì.

Àwọn kan a máa wí pé àkọ́sórí ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni ó ń mú ni yege. N kò kóyán ọ̀rọ̀ wọn kéré, nítorí ẹni tí kò mọ ọ̀rọ̀ kò lè mọ ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó mọ ọ̀rọ̀ bí ẹni mowó, tí ó sì fìdí rẹmi. Ìdáhùn tí ó ní ọ̀rọ̀ tí etí rẹ̀ gbọ́ ni ó yàn, kò yan èyí tí ó bá èrò olùsọ̀rọ̀ mu.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa bi ara yín léèrè: Ta ni ń sọ̀rọ̀? Ta ni ó ń bá sọ̀rọ̀? Kí ni ó ń fẹ́? Ọmọ tí a tọ́ ní ilé Yorùbá mọ̀ pé bí ìyá bá wo ojú sánmà, tí ó ní, “Òjò ń ṣú,” aṣọ tí a sá síta ni kí a sáré lọ kó. Ẹ má ṣe fi irú òye bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìdánwò.