Èmi Kò Gbà Pé Ìfigagbága Ni Ó Sọ Pápá Bọ́ọ̀lù Di Ahoro

Àwọn kan ń wí pé ìfigagbága àwọn alátìlẹ́yìn ni ó lé òǹwòran kúrò ní pápá. Irọ́ ni. Shooting Stars ti Ìbàdàn gba ife Cup Winners ilẹ̀ Áfíríkà ní 1976. Rangers ti Enugu gbà á ní 1977. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, ohùn a máa há àwa ọmọdé nídìí rédíò. Òkò jíjù nìkan ni mo kórìíra. Ọlọ́pàá ni ó ni ìyẹn.

Ẹ yà sí ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Ọ̀dà lọ́jọ́ tí Arsenal bá kojú Chelsea. Ẹ ó bá àwọn ọmọ tí wọ́n sanwó wọlé, tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà. Ẹ wá bi wọ́n ní orúkọ aṣọ́lé Sunshine Stars ti Àkúrẹ́. Kẹ́kẹ́ á pa! Bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ yìí ni ó bá Al Ahly ti Íjíbítì ta ọ̀mì 3-3 ní 2012. (Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ti gbá a, kì í ṣe Àkúrẹ́.)

Ìjọba ní ń bọ́ ẹgbẹ́ náà, nítorí náà àga òfìfo kò dun ẹnikẹ́ni. Bí ó bá jẹ́ pé owó ẹnu ọ̀nà ni wọ́n fi ń jẹun ni, wọn ì bá ti gbé gbohùngbohùn wá polówó eré wọn dé Ọ̀dà.