Ojú Lalákàn fi ń Ṣọ́rí: Ta Ló Ni Kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀yìnkùlé Sáfà Ilé-Ẹ̀kọ́?

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Bí òwe yìí ti wúlò fún ẹni tó ń dá rìn lójú ọ̀nà oko, bẹ́ẹ̀ náà ni ó wúlò fún ilé-ẹ̀kọ́ tó ti kó ìṣúra rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà. Láyé àtijọ́, inú fáìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù onírin ni èsì ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wà. Ẹni tó bá fẹ́ yí máàkì padà ní láti fọ́ ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kí ó tó rí i ṣe. Lóde òní, inú sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó ń pèsè iṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà yòókù lórí nẹ́tíwọ̀kì, ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ń tọ́jú orúkọ akẹ́kọ̀ọ́, èsì ìdánwò àti àkọsílẹ̀ owó sí. Níbi tí ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ Yorùbá bá ti mú iṣẹ́ rẹ̀ ní òkúnkúndùn, ibẹ̀ náà ni ìjálá, ẹkún ìyàwó, oríkì orílẹ̀ àti ìtàn ìlú tí wọ́n gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà wà. Apohùn tó bá ti re ibi àgbà ń rè kò ní padà wá tún ohùn rẹ̀ pè bí èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ bá sọnù.

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí ilẹ̀kùn iyàrá sáfà wà ní títì. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé sáfà ní ilẹ̀kùn mìíràn ní ẹ̀yìnkùlé. Ilẹ̀kùn náà ni ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ kí ènìyàn darí sáfà láti òkèèrè. Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé ilé-ẹ̀kọ́ kankan kò gbọdọ̀ gba sáfà lọ́wọ́ agbaṣẹ́ṣe títí òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ yóò fi gba kọ́kọ́rọ́ ẹ̀yìnkùlé yìí, tí yóò sì pààrọ̀ rẹ̀.

Irú Ẹ̀rọ Wo Ni?

Alábòójútó ọ̀nà jíjìn jẹ́ kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n kàn mọ́ inú sáfà. Ó ní ọpọlọ tirẹ̀, ó ní ìrántí tirẹ̀, ó ní àdírẹ́sì tirẹ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì, ó sì sábà máa ń ní ojú ihò wáyà tirẹ̀. iDRAC ni Dell ń pe tirẹ̀. iLO ni HPE ń pe tirẹ̀. Ní ọdún 1998, Intel, Dell, Hewlett-Packard àti NEC gbé ìlànà kan tí wọ́n pè ní IPMI jáde, kí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ kan àti ti òmíràn lè máa gbọ́ èdè kan náà. Ẹ̀dà kejì ìlànà yìí jáde ní ọdún 2004. Ní ọdún 2015 ni ìlànà Redfish dé, èyí tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀ lọ́nà tí ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà sọ̀rọ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí iná bá ti wà nínú wáyà sáfà, alábòójútó yìí kì í sùn, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ti pa sáfà fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá gba ibẹ̀ wọlé lè tan sáfà, ó lè pa á, ó lè wo ojú rẹ̀ bí ẹni pé ó jókòó níwájú rẹ̀, ó lè tẹ ọ̀rọ̀ sí i, ó sì lè tún gbogbo ètò tó ń darí rẹ̀ gbé sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Òun náà ló ń sọ bí ara sáfà ṣe gbóná tó àti bí fáànù rẹ̀ bá ti dákẹ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀rọ yìí tó pẹpẹ, ó sì wọ kèrègbè.

Àǹfààní rẹ̀ kò fara sin. Bí sáfà bá dákú lóru ọjọ́ Sátidé, tí ìforúkọsílẹ̀ yóò sì parí ní ọjọ́ Ajé, tí òṣìṣẹ́ tó mọ̀ ọ́n tọ́jú sì wà níbi òkú àna rẹ̀ ní ìlú mìíràn, kò sí ìdí tí yóò fi wọ ọkọ̀ lóru. Láti ibi tó wà ni yóò ti jí sáfà dìde. Ní ilẹ̀ tí ọ̀nà kò ti dára lóru, àǹfààní yìí kì í ṣe kékeré.

Ibi tí Ewu Wà

Agbára tó pọ̀ tó báyìí kò yẹ ní ohun tí ẹnikẹ́ni yóò fi sílẹ̀ ní gbayawu. Síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí níbi púpọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Orúkọ ìwọlé tí Dell ń fi sórí iDRAC ni root, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sì ni calvin. Ní ti Supermicro, ADMIN ni orúkọ, ADMIN náà ni ọ̀rọ̀ aṣínà. Kì í ṣe àṣírí rárá. Inú ìwé ìlànà tí ẹnikẹ́ni lè kà ni wọ́n kọ ọ́ sí. Nígbà tó yá, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Láti orí àwọn sáfà tó gbé jáde ní 2017 ni Dell ti ń fi ọ̀rọ̀ aṣínà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, àfi bí oníbàárà bá ní òun fẹ́ ti àtijọ́. Òfin ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2020, náà ká àwọn aṣẹ̀rọ lọ́wọ́ kò. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ tí owó rẹ̀ kò bá tó ra tuntun, tòkunbọ̀ ni yóò rà, calvin sì lè wà nínú tòkunbọ̀ dòní. Ó tilẹ̀ lè jẹ́ ọ̀rọ̀ aṣínà ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ní òkè òkun ló ṣì wà níbẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ aṣínà bá tilẹ̀ yí padà, ewu kò tíì tán. Ní ọdún 2013, onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà kan, Dan Farmer, tú àléébù inú ẹ̀dà kejì IPMI fó. Kí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn tó fi hàn pé òun ni onílé, alábòójútó náà yóò ti fi àmì kan tó ti ara ọ̀rọ̀ aṣínà jáde ránṣẹ́ sí i. Olè lè gbé àmì náà lọ sílé, kí ó jókòó tì í, kí ó máa dán ọ̀rọ̀ kan tẹ̀ lé òmíràn wò títí tí ọ̀kan yóò fi bá a mu. Nítorí pé inú ìlànà náà ni àléébù yìí wà, kò sí àtúnṣe tí aṣẹ̀rọ kan lè ṣe tí yóò mú un kúrò pátápátá. Ní 2017 ẹ̀wẹ̀, HPE ní láti tún iLO 4 ṣe, nítorí ẹni tó bá to lẹ́tà A 29 sí ibi kan pàtó nínú ìbéèrè rẹ̀ lè wọlé láìmọ ọ̀rọ̀ aṣínà kankan. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2021, ilé-iṣẹ́ Amnpardaz ní orílẹ̀-èdè Iran ròyìn ètò burúkú kan tó fara pamọ́ sínú iLO. Bí onísáfà bá ní òun fẹ́ ṣe àtúnṣe, ètò náà yóò díbọ́n pé àtúnṣe ti wọlé, bẹ́ẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó wọlé; ó sì ń pa ohun tó wà nínú sáfà rẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan òfin ilẹ̀ yìí náà. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà, tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní oṣù Òkúdù 2023, fi dandan lé e pé kí ẹni tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ nípa ènìyàn dáàbò bò ó. Bí ó bá tú jáde lọ́nà tó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá, ó gbọ́dọ̀ fi tó Àjọ tí ọ̀rọ̀ kàn létí láàárín wákàtí 72. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò mọ ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ kò lè tètè mọ̀ pé olè ti wọlé.

Ohun tó Yẹ ní Ṣíṣe

Àkọ́kọ́, ọjọ́ tí agbaṣẹ́ṣe bá gbé sáfà dé ni kí òṣìṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà alábòójútó náà ní ojú gbogbo ènìyàn. Kí wọ́n kọ tuntun sínú ìwé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, kí ó sì wà ní ìpamọ́ lọ́dọ̀ akọ̀wé àgbà ilé-ẹ̀kọ́. Òṣìṣẹ́ méjì, ó kéré tán, ló yẹ kí ó ní àṣẹ ìwọlé, kí orúkọ ìwọlé oníkálukú sì yàtọ̀, kí àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ lè fi ẹni tó ṣe ohun kan hàn.

Èkejì, kí ọ̀nà alábòójútó yàtọ̀ sí ọ̀nà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbà. Kò gbọdọ̀ sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní gbangba láéláé. Nẹ́tíwọ̀kì tirẹ̀ ọ̀tọ̀ ni kí ó wà, kí ẹni tó bá wà lókèèrè sì kọ́kọ́ gba ẹnubodè tí ilé-ẹ̀kọ́ ń ṣọ́ kọjá kí ó tó dé ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta, bí kò bá sí ẹni tó ń lo IPMI lórí nẹ́tíwọ̀kì, kí wọ́n tì í pa. Kí wọ́n máa ṣe àtúnṣe tí aṣẹ̀rọ bá gbé jáde, kí aago ẹ̀rọ péye kí àkọsílẹ̀ rẹ̀ lè ní ìtumọ̀, kí ẹ̀rọ náà sì máa fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ iná. Alábòójútó kì í sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí iná bá lọ pátápátá, òun náà yóò kú. Bí ínfátà bá ń gbé sáfà, tí kò sì gbé ẹ̀rọ tó pín nẹ́tíwọ̀kì, ẹni tó wà lókèèrè yóò kàn ilẹ̀kùn títí, kò ní sí ẹni tí yóò dá a lóhùn.

Ìkarùn-ún, bí òṣìṣẹ́ bá fẹ̀yìn tì tàbí tí ó gba ibòmíràn lọ, ọjọ́ náà ni kí orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹ̀rọ. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá sì fẹ́ ta sáfà ní gbàǹjo, kí wọ́n kọ́kọ́ pa ohun tó wà nínú alábòójútó rẹ̀ rẹ́.

Àríyànjiyàn

Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀rọ yìí kò ṣe dandan, kí wọ́n má wulẹ̀ fi wáyà sí i. Èyí kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ààbò. Lára ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Supermicro, bí kò bá sí wáyà ní ojú ihò alábòójútó, yóò yà gba ojú ihò tí sáfà fúnra rẹ̀ ń lò. Onílé rò pé òun ti dí ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ti ṣí sí iyàrá àlejò.

Àwọn mìíràn lè ní ìgbẹ́kẹ̀lé àsọdùn nínú rẹ̀, kí wọ́n rò pé kò tún sí ìdí fún ẹni tó ń gbé nítòsí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Facebook ní ọjọ́ kẹrin oṣù Ọ̀wàrà 2021 tó láti fi kọ́gbọ́n. Àṣẹ kan tí wọ́n pa nígbà àtúnṣe já nẹ́tíwọ̀kì tó so àwọn ibùdó wọn pọ̀, ọ̀nà àdábọ̀ tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ láti òkèèrè sì bá a lọ. Ẹsẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ fi ní láti rìn dé ìdí ẹ̀rọ. Nǹkan bí wákàtí mẹ́fà kọjá kí iṣẹ́ tó padà bọ̀ sípò. Kọ́kọ́rọ́ onírin àti ẹni tó mọ̀ ọ́n lò gbọ́dọ̀ wà síbẹ̀.

Èrò kẹta ni pé iṣẹ́ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà ni èyí, kò kan olùkọ́ Yorùbá. Lóòótọ́, kò sí ẹni tó ní kí olùkọ́ èdè máa tú sáfà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ ló gba máàkì sílẹ̀, olùkọ́ ló rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ sọ́dọ̀ apohùn. Ẹni tó ni ẹrù kì í dákẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń wá ibi tí wọn yóò kó o sí.

Àgbálọgbábọ̀

Ìbéèrè mẹ́ta ló yẹ kí olùkọ́ tó bá wà nínú ìgbìmọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ máa béèrè, kò sì gba ìmọ̀ ẹ̀rọ kankan láti béèrè wọn. Ta ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà alábòójútó sáfà wa? Ìgbà wo ni wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn? Bí ẹni náà kò bá sí lọ́la, ta ni yóò ṣí ilẹ̀kùn? Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò tíì ní sáfà. Agbaṣẹ́ṣe ló ṣì ni ín. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ojúṣe onílé ni láti yí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ká, kí ó wo ibi tí ògiri ti lanu, kí ó sì dí i kí ilẹ̀ tó ṣú.