Ojú Ayàwòrán Kọ́ Ni Iṣẹ́ Ayàwòrán

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó mọ ojú Pablo Picasso, tí kò sì tí ì fara balẹ̀ wo ohun kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ yà. Wọ́n mọ orí rẹ̀ tí ó pá, wọ́n mọ ẹ̀wù onílà rẹ̀, wọ́n sì mọ ẹyinjú rẹ̀ tí ń tàn bí iná. Inú fọ́tò ni wọ́n ti mọ gbogbo èyí. Ayàwòrán náà, tí a bí ní ìlú Málaga ní ilẹ̀ Sípéènì ní ọdún 1881, tí ó sì kú ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1973, ni àwọn onífọ́tò olókìkí ìgbà rẹ̀ ń wá kiri láti yà. Àwa kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó fẹ́ràn fọ́tò. Ẹni tí a ń bá jà ni ẹni tí ó fi ojú sí ipò iṣẹ́, pàápàá bí ẹni náà bá jẹ́ olùkọ́.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ díẹ̀ wò nínú wọn. Ní ọdún 1948, ní etí òkun Golfe-Juan, Robert Capa ya Picasso níbi tí ó ti gbé agboòrùn ńlá lé Françoise Gilot lórí, bí ìránṣẹ́ ti ń ṣe fún ọba. Obìnrin náà ń rìn níwájú, ó ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tí ó bá wò ó yóò ní, “Ọkùnrin yìí mà mọ obìnrin í gẹ̀ o!” Ṣùgbọ́n ní ọdún 1953 Gilot kó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 1964 ó tẹ ìwé kan jáde, ó sì sọ nínú rẹ̀ bí ọkùnrin náà ti ń fi ayé ni òun lára. Picasso lọ sí ilé ẹjọ́ kí ìwé náà má bàa tà, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kò gbè é. Fọ́tò náà kò purọ́: agboòrùn wà, ẹ̀rín sì wà. Ìṣẹ́jú kan péré ni ó sọ. Àwa tí ń wò ó ni a sọ ọ́ di ìtàn gbogbo ọjọ́ ayé. Ohun tí ń bẹ lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ayàwòrán ni Gilot pàápàá, ẹni ọdún 101 ni nígbà tí ó kú ní ọdún 2023. Síbẹ̀ obìnrin abẹ́ agboòrùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí.

Ní ọdún 1952 Robert Doisneau yà á ní Vallauris, ó jókòó ti tábìlì, búrẹ́dì tí a ṣe bí ìka ọwọ́ sì wà níbi tí ó yẹ kí ọwọ́ rẹ̀ wà. Ní ọdún 1957 Irving Penn yà á ní Cannes, fìlà àti ọrùn ẹ̀wù bò ó tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ẹyinjú kan ṣoṣo ni ó ń wo ni. Iṣẹ́ ọ̀gá ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọ̀gá wo? Doisneau àti Penn ni. Olùkọ́ tí ó bá gbé wọn síwájú ọmọ, tí ó ní, “Picasso nìyí,” tí kò sì dárúkọ ẹni tí ó yà á, ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe é, ó fi í fún ẹni tí ó jókòó.

Àwọn kan yóò dá wa lóhùn pé ojú ni ọmọdé fi ń rántí, àti pé ẹni tí kò bá fẹ́ràn ènìyàn kò ní fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ̀wù onílà ni ọmọ náà yóò rántí, ibẹ̀ náà ni yóò sì dúró sí.

Fọ́tò tí ń kọ́ni wà. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹrin ọdún 1937, ọkọ̀ òfurufú Jámánì àti ti Ítálì ju bọ́ǹbù sí ìlú Guernica ní Sípéènì. Picasso bẹ̀rẹ̀ sí ya àwòrán kan nípa rẹ̀ ní Paris, gígùn rẹ̀ ju mítà méje lọ. Dora Maar sì ń ya fọ́tò rẹ̀ bí iṣẹ́ ti ń lọ. Nínú àwọn fọ́tò ìṣáájú, jagunjagun tí ó ṣubú na apá sókè, ó di ẹ̀ṣẹ́; nínú ti ìkẹyìn, apá náà kò sí mọ́. Orí ẹṣin tí ó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti gbé sókè. Níbẹ̀ ni ọmọ ilé-ìwé ti lè rí i pé ọ̀gá pàápàá a máa pa iṣẹ́ rẹ̀ rẹ́, a sì tún un ṣe. Ojú wo ni ó lè kọ́ni ní èyí? Ẹ sì wo ohun tí ayé fi san án fún Maar: obìnrin tí ń sunkún nínú àwòrán Picasso ni wọ́n fi ń rántí rẹ̀, bí ẹni pé òun kò di kámẹ́rà mú rí.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ fi fọ́tò iṣẹ́ ṣáájú fọ́tò ojú. Ẹ dárúkọ ẹni tí ó yà á, ẹ kọ ọdún sí i, kí ẹ sì bi ọmọ léèrè ìdí tí apá náà fi kúrò. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ̀wù onílà kò ṣòro í rà. Àti pa ohun tí ó dára rẹ́ nítorí èyí tí ó dára jù ú lọ ni ó ṣòro.