Ẹ Má Fi Ọmọ Sí Ṣọ́ọ̀bù Kí Ẹ Ní Ó Wà Ní Yunifásítì

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, gbogbo ọmọ Yorùbá tó wà ní Kano àti káàkiri Òkè Ọya, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí máa dun àwọn kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, èmi náà sì ti kúrò lọ́mọdé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra mílíìkì àti ṣúgà ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀gbọ́n wa ní Sabon Gari. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló dá mi lóhùn. Mo bi í pé, "Ṣé ìwọ kọ́ ni dádì ẹ ní o ti wọ yunifásítì, tí gbogbo wa pàtẹ́wọ́ ní mítìn?" Ó ní, "Èmi ni mà. Online ni mò ń ṣe." Ó nawọ́ sí fóònù tó fi ti páálí Indomie. Olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀ lọ́wọ́. Kí n tó sanwó tán, oníbàárà mẹ́ta ti wọlé. Ọ̀kan fẹ́ búrẹ́dì, ọ̀kan fẹ́ ṣẹ́ owó, ẹ̀kẹta wá gba ọjà àwìn, wọ́n sì jọ ń fa ọ̀rọ̀. Ìgbà tí ọmọ yìí máa fi padà síbi fóònù, kíláàsì ti tú ká. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, mà."

Bó ṣe máa ń rí! Ẹ̀rín yẹn ò kúrò lọ́kàn mi látọjọ́ náà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Mi ò bá ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì jà. Irọ́ tí àwa òbí ń pa fún ara wa ni mò ń bá jà. A ti sọ "online" di orúkọ tuntun fún ọmọ tí a ò fẹ́ kó kúrò nídìí káńtà.

Mo mọ ohun tó gbé wa débẹ̀. Ìyanṣẹ́lódì ASUU wà níbẹ̀. Ní 2020, láti March títí di December ni. Ní 2022, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 14 February, October ni wọ́n wọlé, oṣù mẹ́jọ gbáko. Òbí wo ni kò ní sú? Ìbẹ̀rù ọ̀nà náà wà níbẹ̀. Ní March 2021, wọ́n kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ Forestry ní Afaka, Kaduna. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n wọ Greenfield University. Ní March 2022, wọ́n kọlu ọkọ̀ ojú irin tó ń bọ̀ láti Abuja sí Kaduna. Ẹni tó bá ní kí òbí má bẹ̀rù, kò tíì bímọ ni.

Ọ̀rọ̀ tiwa àjèjì tún wà níbẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bí sí Kano, tó gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ, tó bá mú BUK nínú fọ́ọ̀mù JAMB, ìjọba ìbílẹ̀ bàbá ẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Òṣogbo ni wọ́n á wò. Wọn ò ní kà á mọ́ ọmọ àdúgbò. NOUN ò ní da ìyẹn láàmú. Kì í béèrè máàkì JAMB, ó sì ní ibùdó ìkẹ́kọ̀ọ́ ní ìpínlẹ̀ gbogbo. ABU Zaria ní ti ẹ̀, UI náà ní ti ẹ̀. Ìwé-ẹ̀rí gidi ni wọ́n ń fún èèyàn, kì í ṣe ayédèrú.

Òótọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ta ni ọ̀nà yìí wà fún?

Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé Awólọ́wọ̀ gan-an, láti ilé ló ti kàwé. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní 1944, ó gba oyè B.Com ti Yunifásítì London láìfi ẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ka ìtàn náà délẹ̀. 1909 ni wọ́n bí Awólọ́wọ̀. Nígbà tó gba oyè yẹn, ó ti ṣe tíṣà, ó ti ṣe akọ̀wé, ó ti ṣe oníròyìn, ó ti ṣòwò, ó ti láya, ó ti bímọ. Àgbàlagbà tó mọ ohun tó ń wá ni. Nígbà tó sì kan ẹ̀kọ́ òfin, ǹjẹ́ ó jókòó sílé? Ọdún 1944 yẹn náà ló kọjá sí London lọ jókòó ti ìwé, 1946 ló di lọ́yà. Èyí tó ṣeé kà láti ilé, ó kà á láti ilé. Èyí tó gba pé kó lọ, ó lọ.

Èmi náà, láti ilé ni mo ti gba díplómà mi, lẹ́ni ọdún mọ́kànlélógójì. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo fi ń kàwé kí ọjà tó ṣí. Owó mi ni mo fi san án. Kò sí ẹni tó lè pè mí nídìí ìwé pé kí n wá wọn ìrẹsì. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọmọ ọdún méjìdínlógún tó wà lábẹ́ òrùlé bàbá ẹ̀, gbogbo ẹnu ló lè pè é. Bàbá á pè é, ìyá á pè é, àlejò á dé, ìkòkò á jóná. Ṣé ó máa sọ fún ìyá ẹ̀ pé òun wà ní kíláàsì? Ọmọ Yorùbá wo ló máa dán an wò?

Ohun tí ọmọ ń gbà ní yunifásítì ju ohùn olùkọ́ lọ. Ohùn olùkọ́ wà lórí fóònù lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ògiri yunifásítì ń gba ọmọ lọ́wọ́ àwa òbí fún wákàtí mélòó kan lójúmọ́. Ẹni tó wà nínú kíláàsì ní BUK, kò sí bí a ṣe fẹ́ rán an ní maggi. Ó jókòó ti àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Ohun tí kò yé e, ó bi ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, òun náà ṣàlàyé fún ẹlòmíì. Tí ìwé bá fẹ́ sú u, ó ń rí àwọn mìíràn tí kò tíì sú. Lẹ́yìn káńtà, ta ló máa rí?

Ẹ jẹ́ ká sọ ti iná àti nẹ́tíwọ̀kì náà, nítorí Òkè Ọya la wà. Ẹ̀yin ará wa ní Gusau ò lè gbàgbé September 2021, nígbà tí wọ́n pa nẹ́tíwọ̀kì gbogbo Zamfara fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tó sì dé apá kan Kaduna, Katsina àti Sokoto. Ní October 2024, iná lọ ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Òkè Ọya, Kano wà níbẹ̀, ó lé lọ́sẹ̀ kan kó tó padà. Ní January 2025, NCC fún àwọn ilé iṣẹ́ fóònù láyè láti fi tó 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Ilé tó ń ra dátà ọmọ ní ìdákúrekú, tó ń ní "fi èyí tó kù ṣe é mọ́jú," ṣé ilé yẹn ń rán ọmọ níléèwé?

Ẹ tún wo ohun tí ọmọ fẹ́ kọ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe dókítà tàbí ẹnjiníà gbọ́dọ̀ dé ibi tí ọwọ́ ẹ̀ á ti kan iṣẹ́. NOUN ní ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, àmọ́ ẹni tó ti jẹ́ nọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ ni wọ́n là á sílẹ̀ fún, kì í ṣe ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdírì. Àwọn tó ka òfin níbẹ̀ dúró fún ọ̀pọ̀ ọdún tí Law School ò gbà wọ́n, títí Ààrẹ Buhari fi buwọ́ lu àtúnṣe òfin NOUN ní December 2018. Ẹ máa bèèrè kí ẹ tó sanwó.

Èyí tó wá dùn mí jù rèé. Ẹ yí ojú wo àárín wa. Àwọn ọmọ wo ló ń ṣe online? Àwọn obìnrin ni. Ọkùnrin ti lọ sí Ìlọrin, ọkùnrin ti lọ sí Zaria. Ọ̀nà tí a ní ó léwu fún obìnrin, òun náà ni ọkùnrin gbà lọ. Àbí àwọn ajínigbé ti ṣèlérí pé àwọn ò ní mú ọkùnrin ni? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ jàre. Kì í ṣe ọ̀nà nìkan là ń bẹ̀rù. Ọwọ́ tó ń ta ọjà, tó ń se oúnjẹ, tó ń gbé àbúrò pọ̀n, ìyẹn la ò fẹ́ kó lọ.

Kí ni mo wá ní ká ṣe? Ọmọ tó bá rí BUK tàbí Wudil wọ̀, tí agbára wa sì ká a, ẹ jẹ́ kó lọ jókòó níbẹ̀. Ilé ló máa ti máa lọ, ilé ló máa padà sí. Èyí tó bá jẹ́ pé online ló ṣeé ṣe fún un, kò burú, ẹ ṣe é bí ilé ẹ̀kọ́. Ẹ yan wákàtí fún un tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ pè é, kódà ìyá àgbà. Ẹ ka owó dátà mọ́ owó ilé bí ẹ ṣe ń ka owó gáàsì. Ẹ jẹ́ kó máa lọ síbi ìkẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n yàn fún un, kó rí ojú àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀. Kí ẹ má sì jẹ́ kí àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ máa bá a ṣe assignment. Mo mọ ilé tí ìyẹn ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀yin olóyè ẹgbẹ́, gbọ̀ngàn wa ń wà ní títì láti Monday dé Saturday. Ọjọ́ Sunday nìkan là ń ṣí i, fún mítìn àti jọ̀lọ́ọ̀fù. Ẹ jẹ́ ká fi sólà kékeré síbẹ̀, ká to tábìlì, ká ní kí àgbàlagbà kan máa jókòó síbẹ̀, kí àwọn ọmọ tó ń ṣe online máa wá kàwé láàárín ara wọn. Owó aṣọ ẹbí kan ṣoṣo tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọmọ tí a ò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ni ṣọ́ọ̀bù yẹn, mo mọ̀ pé ẹ máa ka èyí. Mi ò dárúkọ yín, mi ò sì ní dárúkọ yín. Ọmọ yín gbọ́n, mo rí i lójú ẹ̀. Ẹ gba ọmọ iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù, kódà bó jẹ́ láti aago mẹ́sàn-án sí aago kan péré. Ẹ máa ní owó oṣù ọmọ iṣẹ́ pọ̀. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ń san án tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kọ́ ọmọ yín lẹ fi ń san án.