Ẹ Má Fowó Igi Ra Omi

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn tó ń ta igi ìdáná àti àwa tí à ń rà á sọ̀rọ̀. Ní Òkè-Ògùn níbí, bí kì í bá ṣe ayin tàbí igi òrí, àwọn mìíràn kì í fẹ́ dá a lóhùn.

Òótọ́ ni pé ayin dáa. Ó le, ó wúwo, ẹyín iná rẹ̀ a sì máa pẹ́ lábẹ́ ìkòkò ẹ̀wà. Àràbà ní tirẹ̀ fúyẹ́. Kò pẹ́ tó fi ń jó di eérú. Ṣùgbọ́n bí méjèèjì bá gbẹ dáadáa, tí a fi òṣùwọ̀n wọ̀n wọ́n dọ́gba, ooru wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Wíwúwo ni ẹrù ayin fi ju ti àràbà lọ.

Igi tútù gan-an ni ọ̀tá wa. Igi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, omi lè kó ìdajì ìwọ̀n rẹ̀. Iná yóò kọ́kọ́ bá omi yẹn jà kó tó ráyè gbọ́ ti ìkòkò. Ìdí nìyẹn tó fi ń hó lẹ́nu, tí èéfín sì ń bo ilé ìdáná. Èéfín yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú títa lásán o! Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé lọ́dún 2020, èéfín ìdáná inú ilé fa ikú ènìyàn bíi mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé.

Èyí tó tún dùn mí ni ti igi òrí. Ó lè tó ọdún 15 sí 20 kó tó so. Ṣé ká wá gé e nítorí àmàlà ọjọ́ mélòó kan, ká sì tún máa wá òrí tí a ó fi pa ọmọ lára?

Ẹ̀yin tó ń tà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ la igi yín, ẹ tò ó síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kí òjò má pa á, fún bí oṣù mẹ́fà. Àwa tí à ń rà á, ká gbá igi méjì pọ̀. Bó bá dún ko-ko-ko, tí ẹnu rẹ̀ sì ti sán, ó ti gbẹ nìyẹn, ìbáà má ṣe ayin. Àwọn àgbà ní igi wọ́rọ́kọ́ ní í da iná rú. Ti òde òní, igi tútù ni.



Òǹkàwé yín,
Ṣakí.