Ẹni tó bá ta eré fún wa, kó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ kó tó lọ

Ọ̀rọ̀ eré ọmọdé la gbé wá lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àgbà ló wà nínú rẹ̀.

Ọmọ kíláàsì wa kan ló dá a sílẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó jókòó, ojú rẹ̀ pọ́n. A bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Monsieur, eré tí mò ń ṣe lórí fóònù, wọ́n ti tì í pa." Ọdún méjì ló ti ń ṣe eré náà. Nínú owó tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń fi ránṣẹ́ sí i, ó máa ń yọ díẹ̀ láti fi ra nǹkan sínú rẹ̀. Àfi bó ṣe ṣí i lọ́jọ́ náà tó rí ìkéde pé ilé-iṣẹ́ tó ni ín ti ṣíwọ́, ẹ ṣeun, ó dàbọ̀. Gbogbo ohun tó rà, gbogbo ibi tó dé, ó pòórá.

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Àwa náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí olùkọ́ ni wá, ojoojúmọ́ la sì ń sọ fún wọn pé kí wọ́n fi fóònù sílẹ̀, kí wọ́n mú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò wá. Ọmọ náà fi owó ra nǹkan, ẹni tó tà á fún un sì padà wá gbé e lọ. Tó bá jẹ́ pé káfíńtà tó ta àga fún wa ló wọlé lẹ́yìn ọdún méjì tó gbé àga rẹ̀ lọ, ṣé ẹ̀rín la máa rín?

Ohun tó sọ sí wa lọ́kàn nígbà náà ni eré àtijọ́ kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín lè má gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí: Jazz Jackrabbit. Nígbà tí a wà ní nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, àwọn kọ̀ǹpútà àlòkù tó ń ti Yúróòpù wọlé sí Kútọnu máa ń gbé ẹrù ẹni tó kọ́kọ́ lò wọ́n dání: lẹ́tà, àwòrán, orin, àti eré. Inú ọ̀kan nínú wọn, nílé ọ̀rẹ́ wa kan, la ti kọ́kọ́ rí ehoro aláwọ̀ ewé kan tó fi aṣọ pupa wé orí, tó gbé ìbọn dání, tó ń sáré bí ẹni tí ológun ń lé. Ó ń fò láti orí pèpéle kan sí òmíràn. Nínú eré kejì rẹ̀, tó bá fò láti òkè, á máa yí etí rẹ̀ bíríbírí bíi hẹlikópítà, kó lè rọra balẹ̀.

Ní ọdún 1994 ni Epic MegaGames ní Amẹ́ríkà gbé e jáde. Arjan Brussee, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló kọ ètò rẹ̀. Cliff Bleszinski, ọmọ Amẹ́ríkà, ló ya bí eré náà ṣe máa rí. Nígbà yẹn, àwọn tó ní ẹ̀rọ Sega ló ní Sonic tó ń sáré bí ìjì. Àwọn tó jẹ́ pé kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ní kò fi bẹ́ẹ̀ rí irú rẹ̀. Jazz ni wọ́n fi dáhùn.

Ìtàn inú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa rárá. Ehoro ni Jazz. Devan Shell, ọ̀tá rẹ̀, ìjàpá ni. Ẹ̀yin tí ẹ lọ sí ilé-ìwé Faransé, ẹ rántí ehoro àti ìjàpá tí La Fontaine kọ, tí wọ́n ní ká há sórí. Orí eré-ìje yẹn ni wọ́n gbé ìtàn Jazz lé: wọ́n ní ìjà tó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò tíì parí. Àwa tí a mọ Ìjàpá ọkọ Yánníbo láti kékeré, kò lè yà wá lẹ́nu pé òun ni wọ́n fi ṣe ọ̀daràn.

Ní 1998, Jazz Jackrabbit 2 jáde. Wọ́n fi Spaz, àbúrò Jazz, kún un. Ní 1999, ẹ̀dà mìíràn jáde tí Lori, arábìnrin wọn, wà nínú rẹ̀. Eré tó dára ni, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ kò yá tó bí wọ́n ti rò. Ní ọdún 1998 kan náà ni Unreal, eré oníbọn tó lókìkí, jáde lọ́wọ́ Epic, ibẹ̀ sì ni ojú ilé-iṣẹ́ náà kọ sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ Jazz ẹlẹ́ẹ̀kẹta, wọn kò parí rẹ̀. Epic yìí kan náà ló ni Fortnite tí àwọn ọmọ yín mọ̀ lónìí. Tó bá jẹ́ pé ẹni tó ta eré nìkan ló lè mú un wà láàyè, Jazz ìbá ti kú tipẹ́.

Kò kú. Lónìí, ó ti lé ní ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí Jazz 2 ti jáde, àwọn èèyàn ṣì ń ṣe é, wọ́n ṣì ń bá ara wọn jà nínú rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. A fẹ́ kí ẹ bá wa wo ìdí rẹ̀, nítorí kì í ṣe ìfẹ́ nìkan. Ọmọ kíláàsì wa náà fẹ́ràn eré tirẹ̀, ìfẹ́ kò sì gbà á là.

Ìdí àkọ́kọ́ ni pé àwọn tó ṣe Jazz 2 fi irinṣẹ́ wọn sínú àpótí kan náà pẹ̀lú eré. Wọ́n ń pè é ní Jazz Creation Station. Ẹni tó ra eré lè ṣí i, kó to ilẹ̀, kó to òkè, kó fi ọ̀tá síbí, kó fi kárọ́ọ̀tì sọ́hùn-ún, títí ìpele tuntun á fi délẹ̀, tí yóò sì fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí bíríkìlà ṣe ń to bíríkì ni: àwòrán kéékèèké onígun mẹ́rin ni wọ́n ń tò jọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìpele ni àwọn olólùfẹ́ ti fi bẹ́ẹ̀ kọ́. Àwọn tó ṣe eré náà parí iṣẹ́ tiwọn ní ìgbà díẹ̀. Àwọn tó rà á kò tíì parí tiwọn.

Ìdí kejì ni pé eré náà kò gbára lé ilé ẹnì kan. Ẹni mẹ́rin lè jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo, kí wọ́n pín ojú rẹ̀ sí mẹ́rin, kí wọ́n máa ṣeré. A lè fi wáyà so ẹ̀rọ méjì pọ̀, láìsí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Tó bá sì jẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni nínú àwọn tó ń ṣeré lè fi kọ̀ǹpútà tirẹ̀ gba àlejò, kí àwọn yòókù wọlé wá bá a. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n nílò láti ìta ni ibi tí wọ́n ti máa rí i pé ta ló ṣílẹ̀kùn. Àwọn olólùfẹ́ gbé ìyẹn náà ka orí ara wọn.

Ìdí kẹta ni àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn. Wọ́n ṣe àtúnṣe kan tí wọ́n ń pè ní JJ2+, tó tún àṣìṣe àtijọ́ ṣe, tó sì jẹ́ kí àwọn tó ń kọ́ ìpele lè kọ àṣẹ tuntun sínú rẹ̀. Àwọn mìíràn tún ètò eré náà kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, kó lè ṣiṣẹ́ lórí àwọn ẹ̀rọ tí kò sí láyé ní 1998. Kò sẹ́ni tó ń san owó oṣù fún wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, eré méjèèjì padà sórí àtẹ ní ilé ìtajà GOG. Ẹ ò rí i pé àwọn tó ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ kò ba ọjà olówó jẹ́: wọ́n tọ́jú àwọn oníbàárà dè é.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Ní ìparí ọdún 2014, ilé-iṣẹ́ Ubisoft ti ilẹ̀ Faransé gbé eré ọkọ̀ kan jáde, The Crew. Èèyàn lè dá wa ọkọ̀ rẹ̀ nínú eré náà láìbá ẹnikẹ́ni díje, síbẹ̀ eré náà kò ní ṣí àfi tó bá rí sáfà ilé-iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n pa sáfà. Lọ́jọ́ náà, ẹni tó ní àwo rẹ̀ nílé, ó di pálí òfìfo mọ́ ọn lọ́wọ́. Eré 1998 ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ti eré 2014 pa. Kì í ṣe ọjọ́ orí ló pa á.

Ọ̀rọ̀ náà dun àwọn èèyàn. Lọ́dún 2024 kan náà, Ross Scott, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe fídíò lórí YouTube, bẹ̀rẹ̀ ìpolongo Stop Killing Games. Àwọn ará Yúróòpù gbé e lọ sọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀ wọn, àwọn tó fọwọ́ sí i sì lé ní mílíọ̀nù kan kí gbèdéke tó pé ní 2025. Ohun tí wọ́n ń bèèrè kò pọ̀: wọn kò ní kí ilé-iṣẹ́ máa sanwó sáfà títí láé. Wọ́n ní tó bá fẹ́ lọ, kó fi eré sílẹ̀ ní ipò tí ẹni tó rà á ṣì lè ṣí i.

Àwa ní Benin àti Togo kò sí lára àwọn tó lè fọwọ́ sí ìwé náà. Ṣùgbọ́n eré kan náà ni wọ́n ń tà fún wa, ọ̀dọ̀ wa gan-an ni ìṣòro rẹ̀ sì ti le jù. Ẹ̀yin ẹ mọ bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ṣe ń rí lọ́dọ̀ wa tí òjò bá ṣú. Ẹ mọ bí forfait ṣe ń tán. Eré tí kò lè ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, a ti pàdánù ìdajì rẹ̀ kó tó di pé olówó rẹ̀ tì í pa.

Àwọn kan máa sọ pé ẹni tó ni nǹkan ló láṣẹ lórí rẹ̀. Òótọ́ ni, a kò sì sọ pé kí ẹnikẹ́ni jí iṣẹ́ oníṣẹ́. Orúkọ Jazz ṣì jẹ́ ti Epic, àwọn olólùfẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ lórí orúkọ yàtọ̀ sí àṣẹ láti wọ ilé oníbàárà. Àwọn mìíràn máa sọ pé kò ṣeé ṣe, pé eré ayé ìsinsìnyí ti díjú jù. Ubisoft fúnra rẹ̀ ti dáhùn: nígbà tí ariwo pọ̀, ó kéde ní oṣù kẹsàn-án 2024 pé òun máa ṣe The Crew 2 kó lè ṣí láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó ṣeé ṣe nígbà náà. Kí ló dé tí a ní láti pariwo ká tó rí i?

Àwọn òbí máa sọ pé kí gbogbo eré kú, kí ọmọ lè kàwé. A gbọ́. Àwa náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n àwọn eré kò ní kú tán. Èyí tí ọmọ lè fi kọ́ nǹkan nìkan ló ń kú, èyí tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń gbilẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó fún ọmọ lówó láti fi ra eré, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ó ń ṣí tí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì? Ṣé ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ lè ṣe é láìgba ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kọjá? Ṣé o lè fi ọwọ́ ara rẹ kọ́ nǹkan sínú rẹ̀? Tó bá jẹ́ pé rárá ni lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ó ń háyà ni, kò rà á.

Àwọn àgbà wa ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Jazz bí ọmọ nítorí pé wọ́n jẹ́ kó bímọ. Èyí tí wọ́n tì pa lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì wa, eérú ló fi sílẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a ní kí àwọn ọmọ mú ìwé ìṣirò wọn tó ní ìlà onígun mẹ́rin, kí kálukú ya ìpele kan: ibi tí a ti máa fò, ibi tí ọ̀tá máa wà, ọ̀nà àbáyọ. Kò sí kọ̀ǹpútà, pẹ́ńsù nìkan ni. Ọmọ tí wọ́n ti eré rẹ̀ pa ló kọ́kọ́ parí. Ìjàpá ni tirẹ̀ ń sáré, ehoro ló sì ń lé e. Ó gbé e fún ẹni tó jókòó tì í, ó ní, "Wá fi ìka gbà á kọjá, ká wò ó bóyá o lè yè é."

Ẹ̀yin ńkọ́? Eré wo ni wọ́n ti tì pa mọ́ yín tàbí ọmọ yín lọ́wọ́, èwo lẹ sì ṣì ń ṣe láti ìgbà èwe yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ká jọ gbọ́. Ire o.